Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Tí Mo Já Kúrò Lára Ògiri

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé yìí sí. Mo ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún létí. Ó ṣeé wò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé lọ́jọ́ tèmi, kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ gbọ́.

Àgbẹ̀ ni mí, lẹ́yìn ìlú Idigny, nílẹ̀ Kétu ní Benin. Mo jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ìyàwó mi ti kú, ó di ọdún mẹ́fà. Bàbá Odíìlì ni wọ́n ń pè mí, orúkọ ọmọ mi àgbà. N kò lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ní kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ dídùn nínú ìwé mi. Ohun tójú mi rí ni mo máa sọ, àti àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́yìn tí ara mi ti yá tán.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí à ń bó àgbàdo. Eruku pọ̀ lágbàlá, gbogbo wa là ń wúkọ́. Nígbà tí àgbàdo wọ abà, ikọ́ àwọn yòókù tán. Tèmi kò tán. Oṣù kan kọjá, ó di méjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ tí mo fi sùn á rin gbingbin fún òógùn. Oúnjẹ kò wù mí. Mo wá ń fi okùn so ṣòkòtò mọ́dìí, mo sì ń sọ fún ara mi pé ṣòkòtò ló fẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ ń gbé agbo ilé kan náà, ní òun mọ ohun tó ń ṣe mí.

"Èéfín ni," ló wí. "Ọkùnrin wo ló máa fẹ́ iná fúnra rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tí kò ní í wúkọ́? Ìyàwó loògùn rẹ̀, Àjàní."

Mo ní ikọ́ kì í gbọ́ ti ìyàwó.

"O ti bi í léèrè?"

Kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi mú opó kan wá, èèyàn jẹ́jẹ́, kó wá bá wa se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó se ọbẹ̀ náà. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni ikọ́ gbé mi, ó gbé mi títí mo fi di ògiri mú. Obìnrin náà dìde, ó wò mí, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ara yín. Bí ẹ bá yè é, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Èmi ò bínú. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, opó náà nìkan ló sọ òótọ́ fún mi. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé ọbẹ̀ náà dùn. Ó dùn.

Síbẹ̀ n kò lọ. Àgbo ni mò ń mu. Ẹ̀gbọ́n mi ń se tirẹ̀ ní ìkòkò. Ará ilé ìyàwó mi kan gbé tirẹ̀ wá nínú ìgò. Àwọn kan níjọ ní kí n gbààwẹ̀. N kò kọ ọ̀kan, torí pé kí èèyàn gbà á rọrùn ju kó máa ṣàlàyé lọ. N kò bú ewé fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wọn, títí ẹ̀jẹ̀ fi bá itọ́ mi jáde ní oko. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí mi. Lọ́jọ́ kejì mo gun alùpùpù akérò, mo lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn yòówù kó jẹ́, kò kan ìtàn yìí.

Ìlà gùn. Àwọn kan ti fi bàtà àti òkúta gba àyè sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wúkọ́, àwọn tó wà níwájú á yẹ̀ fún mi, mo sì dé iwájú kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mí ju kí n dúró títí di ìrọ̀lẹ́ lọ.

Wọ́n fún mi ní ike kékeré tó ní ìdérí, kí n fi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Bàbá, ikọ́ ife ni. A máa wò ó. Oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan."

Mo ní, "Ta ni yóò gbọ́?"

"Ẹ̀yin àti àwa tí à ń tọ́jú yín. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé gbọ́dọ̀ wá ká yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún wọn. Kì í ṣe èmi."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó yá ó ní, "Nígbà náà, opó yẹn gbọ́n." Ó lọ fún àyẹ̀wò, ara rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, òun ni aláàbò mi. Bí ará abúlé bá béèrè ohun tó ń ṣe mí, a ní èéfín ni. Ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ọ̀nà ló ń jẹ èèyàn, nítorí pé fún oṣù méjì àkọ́kọ́, àràárọ̀ ni mò ń lọ gbé e mì lójú nọ́ọ̀sì. A ní bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Níbẹ̀ la ti ń dúró. A kì í béèrè ilé ara wa. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. A kàn ń wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ mi pupa bí osùn. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀. Mo dé orí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ìdí ṣòkòtò mi. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí léèrè láìgbójú sókè: "Ṣé ìtọ̀ yín ti pọ́n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Oògùn ni. Tèmi náà pọ́n. Ó ń bẹ̀rù àwọn tí kò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ni mo fẹ́ sọ. Oògùn ti da ẹnu mi rú." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn láìwúkọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ìtọ̀ náà fún mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ orúkọ àìsàn yìí fún yín, ẹ ò ní gbọ́ ohun mìíràn. Ẹ padà lọ béèrè. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ara mi yá. Oúnjẹ ń lọ. Òógùn dá. Iṣẹ́ ebè sì ti délẹ̀, ọdún kì í dúró de àgbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti san. N kò lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹni orí bẹ́ǹṣì yẹn wọ agbo ilé wa. Mo ti fẹnu ara mi dárúkọ abúlé mi fún un nígbà kan. Àgbàdo wà lórí ilẹ̀ níbi tí mo sá a sí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó nítòsí.

"Mo gbọ́ pé ẹ ní àgbàdo," ló wí.

"Ó wà."

"Ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ. Mo ti fẹ́ kó o wọlé."

Ó mú ẹyọ kan, ó fi eyín gé e. "Ojú rẹ̀ ló gbẹ. Inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá kó o wọlé báyìí, yóò bu, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi wò ó mọ́. Ẹ dá a padà sóòrùn. Lọ́la, láàárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Tó bá gbẹ tán, n ó padà wá."

Bó ṣe lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Oníbàárà tó ń fi ẹnu dán àgbàdo wò, tí kò ra ẹyọ kan." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni náà sún díẹ̀ kí n lè jókòó.

Bó bá jẹ́ àgbàdo ni ẹni náà wá wò, bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà, kí wọ́n má bàa dá a mọ̀. Ẹ ó rí i pé n kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ó" ni mò ń wí, èdè wa sì gbà mí láyè. Odíìlì ọmọ mi sọ fún mi pé Faransé kò ní í gbà, pé ní Faransé bí èèyàn bá ti lanu, ó ti sọ ọ́.

Mo lo oògùn náà dé òpin. Ní oṣù kẹfà, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ dúpẹ́.

Bí wọ́n bá ṣe èèyàn lóore nílẹ̀ wa, gbangba ló ti ń dúpẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúpẹ́ lábẹ́ ẹnu, à ń pè é ní ẹni tó fi oore pamọ́. Nọ́ọ̀sì ní bó bá wù mí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n mú un wá fún òun. Pátákó kan wà lára ògiri fàráńdà iwájú tí wọ́n ń lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́tà tí mo kọ fún ẹlòmíràn rí kò ju mẹ́ta lọ. Mo rántí olùkọ́ kíláàsì àgbà wa. Ó máa ń ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni? Níbo? Kí ló ṣe? Ó ní èyí tí kò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, afẹ́fẹ́ ni. Mo kọ tèmi, mo fà á ya, mo tún un kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni orí bẹ́ǹṣì, pé bí kì í bá ṣe òun, èmi ì bá ti jáwọ́. N kò dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n mo kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mo kọ oríta tó ti ń ṣe é, mo kọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń tà sì jẹ́ ohun tí à ń fi sẹ́nu. Nísàlẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀, mo kọ "Àgbẹ̀ kan." Mo bo ara mi dáadáa.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni mo mú un lọ. Nọ́ọ̀sì kò ráyè. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Sójà, gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ mú un wá, Bàbá. Ògiri kì í kọ ìdúpẹ́." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. N kò sọ pé kó dúró. Mo lọ jókòó ní ìkángun fàráńdà, láàárín àwọn ìyá ọmọ, kí n lè rí ẹni tó máa kà á.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé.

"Àgbẹ̀ kan ló kọ ọ́," ló wí.

"Àgbẹ̀ wo ló ráyè kọ ìwé gígùn báyìí?"

"Èyí tí koríko ti gba oko rẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sínú. Ó ń kà á lọ, ó dé ibi ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, ẹni orí bẹ́ǹṣì. Ó ka iṣẹ́ náà. Ó ka oríta náà.

Obìnrin kan ní, "Dúró. Padà sẹ́yìn. Oríta wo ló pè?"

Ó tún un kà.

"Kò ju ẹyọ ẹnì kan lọ níbẹ̀ tó ń ṣe é."

"Ikọ́ ife?"

"Mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ láná," ni obìnrin kẹta wí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sórí itan. "Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́."

Wọn kò tíì pe orúkọ náà. Ó ti wà lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá pè é, yóò dé ọjà kí oòrùn tó yí, kò sì ní sẹ́ni tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni náà mọ́. Ẹni tó rìn wá sílé mi láti dá mi padà sídìí oògùn, èmi ni mo fẹ́ fi ìdúpẹ́ pa á lẹ́nu iṣẹ́.

Mo dìde, mo já lẹ́tà náà kúrò lára ògiri.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń já ìwé oníwèé?" ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni àgbẹ̀ náà. Bàbá Odíìlì ni wọ́n ń pè mí, lẹ́yìn Idigny. Èmi ni mo ní ikọ́ ife. Mo lo oògùn oṣù mẹ́fà, ó ti tán."

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn láti ọjọ́ tí mo sin ìyàwó mi.

"Ẹnìkejì ńkọ́?"

"Kò sí ẹnìkejì. Mo fi ṣe lẹ́tà náà lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Mo kọjá ní oríta yẹn, mo mú iṣẹ́ tójú mi kọ́kọ́ rí."

Obìnrin tó ní kí wọ́n padà sẹ́yìn náà wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Àgbà bíi tiyín. Ẹ fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ torí kí lẹ́tà yín lè dùn?"

"Mo jẹ̀bi," ni mo wí.

Wọ́n bú mi díẹ̀ sí i. Mo dúró, mo gbà á. Bí wọ́n ṣe ń bú mi, orúkọ náà ń kúrò lẹ́nu wọn. Mo ti jẹ́wọ́ irọ́ náà fún fádà. N kò lè sọ pé mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó pè mí wọlé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òun máa ń ka gbogbo lẹ́tà kí ó tó gorí pátákó, Sójà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àìsàn tiyín, ẹ lè sọ ọ́ bó ṣe wù yín. Ti ẹlòmíràn, òun ló ni ín. Orúkọ nìkan kọ́ ni orúkọ. Iṣẹ́ èèyàn, oríta rẹ̀, ọjọ́ tó máa ń wá, orúkọ ni gbogbo rẹ̀." Mo ní kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Olùkọ́ yín kò kọ lẹ́tà sára ògiri ilé ìwòsàn rí."

Láti ibẹ̀ mo lọ bá ẹni náà, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò dín nǹkan kan kù. Ó béèrè iye àwọn tó gbọ́. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ má wá síbí mọ́ ná." Mo ní mo gbọ́. Oṣù mẹ́rin ni n kò fi gba oríta yẹn kọjá.

Ọ̀rọ̀ tèmi ti délé kí n tó délé. Àwọn kan ń kí mi láti òkèèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan ya ife mi sọ́tọ̀ níbi tí a ti ń mu ẹmu. Ẹ̀gbọ́n mi kò pe ohunkóhun ní èéfín mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n bá béèrè, ó ní, "Ikọ́ ife ni. Ó ti san. Ta ló tún kù tó fẹ́ béèrè?" Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ wọ́n láti béèrè. Ọkùnrin méjì lábúlé wa wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn ń wúkọ́. Mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa wọn.

Lẹ́tà mi tuntun wà lára ògiri. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kà á, ó ní kí n yọ ọjọ́ àti oṣù. Ó kù báyìí: "Mo wá síbí pẹ̀lú ikọ́ ife. Wọ́n tọ́jú mi, ó san. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀." Mo kọ orúkọ mi sí i, lódindi. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́nà yìí, tàbí lórí Wátsáàpù, tàbí ní ìjọ, ẹ sọ ti ara yín. Bó bá sì di dandan kí ẹ fi ẹlòmíràn kún un, ẹ lọ bi í.

Ara mi le. Mo kọ ebè mi lọ́dún yìí láìháyà ẹnikẹ́ni. Mo ń sùn, aṣọ mi ń gbẹ. Wọ́n tún yẹ̀ mí wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí nǹkan. Okùn ti kúrò nídìí ṣòkòtò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé oògùn yín mì lónìí. Lọ́la, ẹ tún gbé e mì.

Nígbà tí mo kọ ìwé yìí tán, mo ránṣẹ́ sí ẹni orí bẹ́ǹṣì pé mo fẹ́ wá. Ó ní kí n wá. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tó ní kí n yọ, mo yọ ọ́. Ibi tó ní kí n yí padà, mo yí i padà. Ti fàráńdà wà lára wọn, ti ohun tó ń tà náà wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ló wá kù nínú rẹ̀. Mo ní ó dà bíi pé èmi nìkan ni.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó dìde. Àwọn oníbàárà méjì ti ń dúró dè é.